Owó Òógùn àti Owó Òjijì: Èésú, Tẹ́tẹ́ àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Síìkì

Ìfáárà

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a fi mọ àdúgbò Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn láti ayébáyé. Ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ gba àdúgbò yìí kọjá, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará oko ti ń gba ojú rẹ̀ gbé iṣu àti àgbàdo lọ sí ọjà. Ní ẹ̀bá ọ̀nà kan náà lónìí, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ni a ti ń rí ìsọ̀ àwọn tí ń gba owó tẹ́tẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ tí ń dúró níbẹ̀ ni ọ̀lẹ. Púpọ̀ nínú wọn ti wá iṣẹ́ títí, wọn kò rí. Nítorí náà, n kò wá láti bú wọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: kí ni àwọn baba wa rí lára tẹ́tẹ́ tí wọn kò fi kà á mọ́ iṣẹ́, ọ̀nà wo ni wọ́n sì là sílẹ̀ fún ẹni tí ó nílò owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹnìkan lè dáhùn pé oríire ni wọn kò fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá gba orí gbọ́. Ọdẹ tí ó pa ẹran ńlá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú igbó, orí ni a ní ó bá a ṣe é. Ìyá ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ tà tán kí oòrùn tó wọ̀, orí rẹ̀ ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ ti wọ igbó kí orí tó ràn án lọ́wọ́, ìyá náà sì ti ru igbá. Eré pẹ̀lú kò burú lójú wọn. Ní ìdí ayò, ọ̀ta a máa na ọ̀pẹ, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, síbẹ̀ ọ̀pẹ yóò gbé owó rẹ̀ dé ilé. Ohun tí ó mú tẹ́tẹ́ yàtọ̀ ni pé kí ẹnìkan tó jẹ, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ pàdánù, ẹni tí ó jẹ kò sì fún un ní nǹkan kan dípò.

Èésú àwọn baba wa

Àwọn baba wa mọ̀ pé àìní owó ńlá a máa bá ènìyàn lójijì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá èésú sílẹ̀, bí wọ́n ti dá àáró àti ọ̀wẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ oko. Ẹ jẹ́ kí a fi owó òde òní ṣe àpẹẹrẹ. Ogún ènìyàn pé jọ, oníkálukú ń dá ₦5,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan yóò kó ₦100,000. Nígbà tí ogún ọ̀sẹ̀ bá pé, gbogbo wọn ti kó, kò sì sí ẹni tí ó pàdánù kọ́bọ̀. Ewu wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó tètè kó lè sá lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wá onígbọ̀wọ́, tí wọ́n sì ń fi ẹni tí ìlú mọ̀ ṣe olórí.

Samuel Johnson mẹ́nu ba èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ ní 1952. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí ó ju ti inú ìwé lọ. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé rẹ̀. Ní erékùṣù Trinidad títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é. A gba gbogbo ohun ìní wọn lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kò lè gba bí ènìyàn ti ń fi ọkàn tán ọmọnìkejì rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Guru Nanak

Kí a má baà rò pé ọgbọ́n yìí mọ sí ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a yà sí ilẹ̀ Íńdíà díẹ̀. Nínú ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó lọ jà ní Bọ́mà wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà, ẹgbẹ́ kẹrìnlá, pẹ̀lú àwọn Síìkì tí ń wé láwàní. Guru Nanak (1469–1539) ni ó dá ìsìn wọn sílẹ̀ ní Punjab. Ohun mẹ́ta ni ó là sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀: kí ó máa rántí orúkọ Ọlọ́run, kí ó máa fi iṣẹ́ òtítọ́ jẹun, kí ó sì máa pín nínú ohun tí ó bá ní. Òun fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ oko ní Kartarpur ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Nínú orin ìsìn wọn, ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ ṣòfò ni a máa ń fi wé ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ tí ó sì pàdánù.

Wọ́n a máa sọ ìtàn kan. Guru Nanak dé ìlú kan, ó wọ̀ sí ilé Lalo, gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò ní lọ́wọ́. Malik Bhago, ìjòyè olówó, se àsè ńlá, ṣùgbọ́n àlejò náà kò lọ. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó mú búrẹ́dì Lalo sí ọwọ́ kan, ó mú ti Malik Bhago sí ọwọ́ kejì, ó sì fún méjèèjì. Wàrà ni ó kán láti inú ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀jẹ̀ ni ó kán láti inú ti olówó. Èyí kò lè ṣe àjèjì létí Yorùbá. Àwa náà ń pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní owó ẹ̀jẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé tilẹ̀ fi í ṣe orúkọ ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ kan. Àwọn Mùsùlùmí inú wa sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ 90 nínú Súrà karùn-ún Àlùkùráánì ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀ pọ̀ mọ́ ọtí.

Ìṣirò tẹ́tẹ́

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, tẹ́tẹ́ púùlù ni ó wọ́pọ̀. Àgbàlagbà tí kò dé ìlú òyìnbó rí yóò jókòó ti ìwé, yóò máa wá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì tí yóò ta ọ̀mì. Bí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì bá wọ ìsinmi, wọn a yí sí ti Ọsirélíà. Lẹ́yìn náà ni tẹ́tẹ́ nọ́ńbà gbilẹ̀, tí a ń fa nọ́ńbà 5 yọ nínú 90. Àwọn kan a máa wá nọ́ńbà náà nínú àlá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá so nọ́ńbà 90 pọ̀ ní méjì-méjì, oríṣi 4,005 ni yóò jẹ́. Nínú nọ́ńbà 5 tí a fà yọ, oríṣi 10 péré ni ó lè jẹ. Ká ní ènìyàn 4,005 ta náírà kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú sì mú oríṣi tirẹ̀. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá ń san ìlọ́po 240, ènìyàn 10 yóò pín ₦2,400. ₦1,605 yóò kù sí ọwọ́ ilé tẹ́tẹ́. Ènìyàn 3,995 yóò lọ sí ilé lọ́wọ́ òfo. Bí a bá fún búrẹ́dì àwọn mẹ́wàá yìí, òógùn àwọn 3,995 ni yóò kán.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá a pé ìjọba àpapọ̀ kò ní àṣẹ láti ṣe òfin tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀, ó sì wọ́gi lé òfin 2005. Ẹjọ́ náà dá lórí ẹni tí ó ní àṣẹ. Bóyá ó tọ́ kí a jẹ nínú rẹ̀ kò sí nínú ohun tí adájọ́ lè bá wa dá.

Èyí tí ó léwu jù kì í tilẹ̀ jẹ́ orúkọ tẹ́tẹ́. Ní 2016, MMM, ètò tí Sergey Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, gba ilẹ̀ wa kan. Ó ní ìrànlọ́wọ́ láàárín ara ẹni ni òun ń ṣe, ó sì ṣe ìlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó ti ilẹ̀kùn. Aṣọ èésú ni ó wọ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni èésú kì í fún ẹnikẹ́ni ju ohun tí ó dá lọ. Ẹni tí ó bá mọ èésú dáadáa yóò ti bèèrè pé: owó tí ó lé yìí, ta ni ó ṣiṣẹ́ rẹ̀?

Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè yẹn ni ó so àgbẹ̀ Ìlobù pọ̀ mọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Punjab, bí wọn kò tilẹ̀ pàdé rí. Wọn kò kórìíra ọrọ̀. Ibi tí ọrọ̀ ti wá ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi ìbéèrè náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ nìkan. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ nílò owó máṣíìnì. Bí kò bá rí ẹgbẹ́ èésú tí yóò gbà á, tí kò sì rí àgbà tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ìsọ̀ tẹ́tẹ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kí àgbà tó bá a wí, kí ó kọ́kọ́ dúró fún un. Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani.