Ẹni Tó Ti Rin Ọ̀nà Náà Rí

Ní 1959, àwọn sístà Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe 20 àgbà láti oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Nínú 60 ọmọ, 54 ló ríṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò wa ní 1963, tí Amẹ́ríkà sì ràn wá lọ́wọ́, irú ìtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ẹ̀kọ́.

Ní tèmi, Poli Ìlaròó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ iná. Lẹ́yìn OND, ọdún kan gbáko la fi ń kọ́ṣẹ́ níta ká tó padà wá ṣe HND, èmi ò sì mọ ẹnì kankan. Bọ̀ọ̀dá kan tó ṣáájú mi jáde ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ní Ẹwékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. Bọ̀ọ̀dá náà ní, "Má fọwọ́ kan wáyà kankan láìfi tẹ́sítà wò ó, bí wọ́n tiẹ̀ sọ fún ẹ pé àwọn ti pa iná." Kò sí olùkọ́ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní Ìlaròó, tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ìbèṣè lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá àwọn ọmọ OND sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣèdánwò àṣekágbá.