Iná Mànàmáná Nìkan Kò Tó Ẹ̀rí: Ibi Tí Ẹ̀kọ́ Wà Nínú Ọpọlọ Ehoro

Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ehoro lójú, yóò ṣẹ́jú. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Bí ìró kan bá wá ń ṣáájú atẹ́gùn náà lọ́pọ̀ ìgbà, ehoro yóò máa ṣẹ́jú kí atẹ́gùn tó dé. Ẹ̀kọ́ ti wọlé. Àwọn onímọ̀ ti fi iná mànàmáná kan ọpọlọ ẹranko láti wá ibi tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣe ibùjókòó. Èrò wa ni pé iná lè mú ara mira níbi tí ẹ̀kọ́ kò sí rárá.

Ní àwọn ọdún 1930, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Loucks fi iná kan apá ọpọlọ tó ń darí ẹsẹ̀ ajá, ẹsẹ̀ sì gbéra. Ó fi ìró ṣáájú iná náà títí, ìró nìkan kò gbé ẹsẹ̀, àfìgbà tí oúnjẹ wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1961, Doty àti Giurgea tako èyí: ẹranko tiwọn kọ́ ọ láìsí oúnjẹ. Ẹsẹ̀ tó gbéra kò lè parí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Onímọ̀ mìíràn, Richard Thompson, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí. Ní 1984, òun àti McCormick fi hàn pé bí kókó kan níbẹ̀, interpositus, bá bàjẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ehoro ní ẹ̀gbẹ́ náà kò ní dáhùn sí ìró mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń ṣẹ́ bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ní 1989, Steinmetz, Lavond àti Thompson fi wáyà méjì sínú ọpọlọ, ọ̀kan rọ́pò ìró, èkejì rọ́pò atẹ́gùn. Ehoro kọ́ ìṣẹ́jú náà láìgbọ́ ohunkóhun.

Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà wọlé nìyẹn fi hàn, kì í ṣe ibùjókòó rẹ̀. Bí a bá fi iná kan kókó pupa, tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ interpositus, ojú á ṣẹ́ bákan náà. Oògùn ló yanjú rẹ̀. Ní 1993, Krupa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lo muscimol, tó ń dá iṣẹ́ ọpọlọ dúró fúngbà díẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ehoro tó gbà á sí interpositus kò mọ nǹkan kan nígbà tí oògùn kúrò lára wọn. Àwọn tó gbà á sí kókó pupa kò ṣẹ́jú nígbà ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí oògùn ti kúrò, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìránṣẹ́ ni kókó pupa. Òun kọ́ ló ni ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, oníwàádìí tó bá fi iná mú ẹranko mira kò tíì fi ibi tí ẹ̀kọ́ wà hàn, àfi tó bá tún dá ibẹ̀ dúró, tó sì rí i pé ẹ̀kọ́ kò wọlé.