Ìtàn Ìrìnàjò Àwọn Ará Wa sí Àbíjàn, àti Ohun tí Ó Ṣe sí Ilé-Ìwé àti Òwò ní Agbègbè Èjìgbò

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn agbègbè Èjìgbò, tí kò sì dárúkọ ilẹ̀ Ivory Coast, ìdajì ìtàn ni ó kọ. Bí àlejò bá wọ agboolé kan ní Masífà, tí ó sì béèrè àwọn ọmọ baálé ilé, kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ pé, "Àwọn yòókù wà ní Àbíjàn." Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Èjìgbò fúnra rẹ̀, àti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìletò tí ó yí i ká. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe ètò ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ní kí n kọ nípa àwọn ilé-ìwé wa. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò ṣe é ṣe láti sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì láì sọ̀rọ̀ àwọn tí àyè wọn ṣófo níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n gbà lọ.

Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, kò sí ẹni tí ó lè fi ọkàn balẹ̀ rìn láti ìlú kan dé èkejì ní apá ilẹ̀ wa yìí. A fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù September ọdún 1886, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú kúrò ní ibùdó wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo kọjá, ó dé Ìlọrin ní 1908. Àwọn Òyìnbó aláṣẹ sì wá ń béèrè owó-orí, wọn kì í sì í gba iṣu tàbí àgbàdo dípò rẹ̀. Ṣílè ni wọ́n fẹ́. Àwọn ará Iléṣà àti Oǹdó ní kòkó tí wọn yóò fi wá ṣílè. Ilẹ̀ tiwa wà ní ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ó dára fún iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kòkó kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tí ó kù fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le ni òwò. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ láwìn títí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Àwọn tiwa, pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìníṣà, Ọ̀fà, Ìwó àti Ìlọrin, dojú kọ ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n la ilẹ̀ Dàhòmì àti Tógò kọjá, wọ́n sì dé Gold Coast, tí í ṣe Gánà nísinsìnyí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dúró ní Gánà. Àwọn kan tẹ̀ síwájú dé ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Ní ọdún 1934 ni àwọn Faransé sọ Àbíjàn di olú ìlú. Ní 1950 ni wọ́n la ilẹ̀ já ní Vridi láti inú ọ̀sà sí òkun, tí ọkọ̀ òkun ńlá fi lè gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìlú náà. Ibi tí ọkọ̀ bá ń já ẹrù sí, oníṣòwò kì í jìnnà síbẹ̀. Ní Treichville àti Adjamé ni àwọn ará wa tẹ̀dó sí jùlọ, títí èdè Yorùbá fi di èdè tí ènìyàn lè fi ná ọjà ní àwọn àdúgbò náà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ọ̀ràn náà ti ń lọ, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹnìkan kàn dìde ni, ó sì lọ. Rárá o. Ẹ̀gbọ́n tí ó ti rí jẹ ni yóò wá sílé, yóò sì bẹ àwọn òbí kan pé kí wọ́n fún òun ní ọmọ kan mú lọ. Ọmọ náà yóò máa ru igbá kiri: abẹ́rẹ́, òwú, jígí, abọ́ tánganran, aṣọ. Kò ní gba owó oṣù. Oúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀gá rẹ̀ yóò pe àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú láti ṣe ẹlẹ́rìí, yóò kó owó tí yóò fi dá òwò sílẹ̀ lé e lọ́wọ́, yóò sì tú u sílẹ̀. Kò ní pẹ́ kí òun náà tó wá sílé wá mú ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yìí kan náà ni ó ń dá èsúsú, òun ni ó ń sìnkú, òun ni ó ń parí ìjà. Kí a má parọ́, ilé-ìwé ni ìyẹn pẹ̀lú. Ilé-ìwé kejì ni ó jẹ́ ní agbègbè wa, ó sì ń bá èyí tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ du ọmọ.

Títí di ìparí ọdún 1954, òbí ni ó ń san owó ilé-ìwé, àgbẹ̀ tí ó bí ọmọ márùn-ún a sì máa yan ẹyọ kan tàbí méjì. Ní oṣù January ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọn kò tó 460,000 ní gbogbo ẹkùn náà ní ọdún tí ó ṣáájú di ẹni tí ó ju 800,000 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìgbèríko, abẹ́ igi ni a ti kọ́ àwọn mìíràn títí ògiri fi gbẹ.

Mo ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ kan lẹ́yìn ìgbà náà, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ́jísítà. Bí àwọn tí ó ti Àbíjàn wá ṣe ọdún bá ti padà lọ, èmi a mú tàdáwà pupa, èmi a sì máa fa ìlà sí orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì kárùn-ún àti ìkẹfà ni ìlà pupa ti ń pọ̀ jù. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi a máa sọ pé àwọn òbí náà kórìíra ẹ̀kọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe ọmọ tí kò mọ ìwé ni oníṣòwò ń mú. Èyí tí ó mọ ìṣirò ni ó ń wá, ọmọ tí ó lè kọ orúkọ onígbèsè tí kò sì ní ṣi ṣẹ́ńjì fún oníbàárà. Àwa ni a kọ́ ọ, Àbíjàn ni ó jèrè rẹ̀. Àwọn òbí sì rí i pé, láti 1960 tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ ti jáde, ọ̀pọ̀ ló ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kíláàsì mẹ́fà lọ́wọ́, tí wọn kò rí iṣẹ́ ìjọba, tí wọn kò sì fẹ́ mú ọkọ́ mọ́. Ta ni yóò dá bàbá lẹ́bi tí ó fi ọmọ rẹ̀ lé ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ohun tí yóò jẹ?

Ọjọ́ 18 oṣù November ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ju 100,000 ọmọ Yorùbá lọ ni ìkànìyàn ọdún 1960 ti bá níbẹ̀. Àwọn tí ó ti kọ́ ilé sí Kumasi àti Tamale wá sílé pẹ̀lú ìdì aṣọ, ní àkókò tí ogun abẹ́lé kò ì parí ní ilẹ̀ wa, tí ìjà owó-orí ti àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀. Ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ń ṣófo kún lójijì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí èdè Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Àwọn ará wa kò sá. Àwọn kan nínú wọn kò lo ọdún kan nílé kí wọ́n tó bọ́ sọ́nà Àbíjàn, nítorí Ààrẹ Houphouët-Boigny ń gba àlejò ní ilẹ̀ tirẹ̀. (Kí a sì rántí pé àwa náà lé àwọn ará Gánà ní oṣù January ọdún 1983, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà ti jẹ́ olùkọ́ rere ní àwọn ilé-ìwé gíga wa.)

Ní ti owó, ọdún 1986 ni ó yí ohun gbogbo padà. Ní ọdún náà ni ìjọba wa jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀, ó sì ń já wálẹ̀ láti ìgbà náà. Sẹ́fà ti àwọn ará Àbíjàn kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí owó ilẹ̀ Faransé ni wọ́n so ó mọ́. Ní oṣù January ọdún 1994 nìkan ni a dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì. Nítorí náà, èrè tí kò tó nǹkan ní Treichville a máa di ilé ní Èjìgbò. Títí di òní ni àwọn oníṣòwò ìlú náà ń gba sẹ́fà lọ́wọ́ oníbàárà, tí àwọn ìyá ọlọ́jà sì ń fèsì ní èdè Faransé. Ọkọ̀ akérò a sì máa gbéra láti Èjìgbò tààrà, yóò gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lómè àti Accra, títí yóò fi dé Àbíjàn.

Ṣùgbọ́n ilé kì í ro oko. Ìkànìyàn ọdún 2006 bá ènìyàn 132,641 ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, ẹni tí ó bá sì lọ sí oko wa yóò béèrè ibi tí wọ́n wà. Àwọn arúgbó ni ó wà ní ẹ̀bá ebè, pẹ̀lú àwọn Àgàtú àti àwọn mìíràn tí ó wá láti òkèèrè gba iṣẹ́ oko ṣe. Àwa ń lọ ṣe àlejò níbòmíràn, àwọn mìíràn sì ń wá ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú èyí, bí kò ṣe pé àwa tí a mọ bí ojú àlejò ti ń pọ́n kì í sábà rántí láti béèrè bóyá ọmọ alágbàṣe ń lọ sí ilé-ìwé.

Ní ilẹ̀ Ivory Coast pẹ̀lú, ìkànìyàn ọdún 1998 fi hàn pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó jẹ́ àjèjì. Láti 1972 ni òfin wọn ti sọ pé bíbí níbẹ̀ nìkan kò sọ ọmọ di ọmọ onílẹ̀, àyàfi bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Nígbà tí ìbọn dún ní ọjọ́ 19 oṣù September ọdún 2002, àti nígbà tí ìjà ìdìbò tún dé ní ìparí 2010 títí di 2011, ọ̀pọ̀ òbí kó àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí ìlú mìíràn pinnu iye ọmọ tí yóò wà ní kíláàsì wa.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn náà ti dùn mí jù. Ọmọ ọdún méjìlá tí ó ń ka èdè Faransé gẹ́gẹ́ bí ẹni ń mu omi, tí ó ń ṣe ìṣirò lédè náà, ni a mú, tí a fi sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ nítorí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀sín. Ojú a tì í, òun náà a sì kúrò ní ilé-ìwé. Ní ọdún 1996 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé èdè Faransé ni yóò jẹ́ èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, tí àwọn ilé-ìwé káàkiri sì ń sọ pé àwọn kò rí olùkọ́ rẹ̀. A ń wá olùkọ́ èdè Faransé, a sì ń fi ọmọ tí ó gbọ́ ọ jókòó sẹ́yìn bí òmùgọ̀! Ohun tí mo ti ń wí fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ni pé kí wọ́n fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan tí a ó fi kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, kí ó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣirò, kí ó sì máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ bí ó bá di wákàtí èdè Faransé. Kò gba owó ìjọba.

Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí a sì fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sí Èjìgbò, irú àlejò mìíràn ti ń wọlé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé láti oríṣiríṣi ìlú ń wá yàrá háyà, àwọn ilé tí a fi sẹ́fà kọ́, tí àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn láti oṣù January dé November, sì ti ń ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ wà ní Adjamé ni ó ń gba owó ilé, òun náà ni ó sì ń jí àwọn ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ kí wọ́n má bàa pẹ́ dé kíláàsì.