Ọtí inú táǹkì: bí ìrèké Bràsíìlì ṣe di ohun tí mọ́tò ń mu

Àwọn mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ́ sí èbúté Kútọnu, ẹ yẹ ìdérí táǹkì wọn wò. Lára àwọn tí wọ́n ṣe láti òpin ọdún 2018, ẹ ó rí àmì róbótó kan tí wọ́n kọ E5 tàbí E10 sí. E yẹn dúró fún ethanol, ìyẹn ọtí líle. Mọ́tò E10 lè mu ẹsáǹsì tí ọtí inú rẹ̀ tó lítà 10 nínú 100. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò náà ló tún ní turbo. Ohun tí àwọn awakọ̀ ń béèrè ni pé, ọtí yìí, ṣé ó ń jẹ́ kí mọ́tò máa jẹ epo ni, àbí ó ń dín in kù? Ìtàn ló lè dáhùn rẹ̀, ìtàn náà sì kàn wá, torí pé Bràsíìlì ló ti gbilẹ̀.

Àwọn ìdílé Àgùdà ní Àjàṣẹ́ mọ oko ìrèké Bàhíà dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ bàbá ńlá wọn lọ ṣẹrú. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Ìmàle ní ìlú Salvador ní 1835, púpọ̀ nínú àwọn tó ti gba òmìnira padà sí etíkun wa. Mọ́sáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ṣì ń jẹ́rìí sí i. Ìrèké kò padà pẹ̀lú wọn. Ó dúró, ó ń tàn kálẹ̀, títí tí ìpínlẹ̀ São Paulo fi gba ipò kìíní lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ òkè.

Ní 1931, ṣúgà pọ̀ lọ́jà Bràsíìlì, kò rí ẹni rà á. Ìjọba Getúlio Vargas wá pàṣẹ pé kí àwọn tó ń kó ẹsáǹsì wọlé fi ọtí ìrèké 5 nínú 100 lú u. Àwọn olóko ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe awakọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ìlú nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin láàárín 1973 sí 1974. Nǹkan bí 80 nínú 100 epo rọ̀bì tí Bràsíìlì ń lò ló ń ti òkèèrè wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 1975, Ààrẹ Ernesto Geisel fọwọ́ sí ètò Proálcool. Ẹnjiníà Urbano Ernesto Stumpf àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní São José dos Campos ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kí ó lè mu ọtí nìkan. Ní 1979, Fiat 147 jáde, mọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe rẹpẹtẹ tó jẹ́ pé ọtí nìkan ló ń mu. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Cachacinha, torí pé èéfín rẹ̀ ń rùn bíi cachaça, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n sódàbì tiwa.

Ibí ni ọ̀rọ̀ jíjẹ epo ti wọlé. Ooru tó wà nínú lítà ọtí kan jẹ́ bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ẹsáǹsì. Kò sí bí mẹkáníìkì ṣe lè gbọ́n tó tí yóò sọ èyí di irọ́. Ti E10 kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo: mọ́tò tó ń fi lítà 7 ẹsáǹsì lásán rin 100 kìlómítà yóò lo bíi lítà 7.2.

Ṣùgbọ́n ọtí ní ẹ̀bùn méjì. Ẹ da sódàbì sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó rí i pé ó ń tutù bó ṣe ń gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tu inú ẹ́ńjìnnì lára. Èkejì, kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá fún un pọ̀. Ohun méjèèjì yìí gan-an ni turbo ń wá. Láti ìgbà tí Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1905, iṣẹ́ turbo kò yí padà: èéfín tó ń jáde ló ń yí fáànù kan, fáànù náà á máa ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ máa ń gbóná, ẹsáǹsì lè gbiná fúnra rẹ̀ láì dúró de iná bougie, ẹ́ńjìnnì á sì máa lu bí ẹni ń fi òòlù kan irin. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà mọ́tò á dín agbára kù, á tún máa da epo kún un kí ó lè tutù. Epo tó ṣòfò nìyẹn, ọtí sì ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ padà.

Saab ló fi èyí han ayé ní Swídìn ní 2005. Ẹ́ńjìnnì turbo 9-5 BioPower ń mú agbára ẹṣin 150 wá lórí ẹsáǹsì. Lórí E85, ó di 180. Síbẹ̀, lítà tó ń mu ṣì pọ̀ sí i. Èmi rò pé mímu méjèèjì pọ̀ ló dè é lọ́wọ́: mọ́tò tó gbọ́dọ̀ lè mu ẹsáǹsì lọ́la kò lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó bí ọtí ṣe fẹ́.

Ní Bràsíìlì, ọjà ló dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ìgbà kan wà tí mọ́tò ọtí ju 90 nínú 100 mọ́tò tuntun lọ. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní 1986, owó ṣúgà tún wá gbéra, ọtí sì wọ́n ní ilé epo nígbà tó fi máa di 1989. Àwọn tí mọ́tò wọn kò lè mu nǹkan mìíràn jìyà, ọ̀pọ̀ sì sá padà sí ẹsáǹsì. Ìgbà tí Volkswagen gbé Gol tó ń mu méjèèjì jáde ní 2003 ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Láti ìgbà náà, ìṣirò kan ni awakọ̀ ibẹ̀ ń ṣe níwájú ilé epo: bí owó lítà ọtí kò bá tó 70 nínú 100 owó ẹsáǹsì, ọtí ni wọ́n á rà.

Ẹnikẹ́ni má da sódàbì sínú táǹkì o. Omi inú rẹ̀ pọ̀ jù. Àmì E10 náà kì í sì í ṣe àṣẹ pé dandan ni kí ọtí wà nínú epo. Ó kàn ń sọ ibi tí ọtí gbọ́dọ̀ mọ ni. Mọ́tò E10 lè mu ẹsáǹsì lásán láìsí wàhálà. Èyí tí kò yẹ kó mu ni E85, àfi tí wọ́n bá ti ṣe é fún un láti ilé iṣẹ́.