Ẹ Wọlé, Kẹ́ ẹ Gbójú Sókè

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ díẹ̀ lónìí.

Ọ̀pọ̀ wa ti gba Ìta Tinúbú ní Èkó kọjá rí nígbà tí Ilojo Bar ṣì wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ níta la mọ̀, a ò wọnú rẹ̀. Ìdílé Fernandez, àwọn ẹrú àná tó padà wálé láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ló kọ́ ọ ní 1855.

Inú ilé Àgùdà gan-an lẹwà wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ máa ń là á já láti ẹnu ọ̀nà dé àgbàlá ẹ̀yìn, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Àjà rẹ̀ á ga, kí ooru lè ráyè gòkè. Fèrèsé onípákó á gba afẹ́fẹ́ wọlé, á dá oòrùn dúró síta.

Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí? Àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú, àtàwọn ọmọ wọn ni. Wọ́n kó wọn lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n padà dé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. João Baptista da Costa, Àgùdà ni, síbẹ̀ òun ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ó mọṣẹ́, wọ́n sì pè é.

Ìjọba sọ Ilojo Bar di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ Sunday, September 11, 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ká má nàka sẹ́nì kan o. Àwa náà jẹ̀bi. Ilé àtijọ́ kan tá a háyà fún ìpàdé nígbà kan, POP la kàn bo àjà onípákó rẹ̀, a sì kun ọ̀dà bo igi ilẹ̀kùn rẹ̀. A ní à ń tún ilé Ọlọ́run ṣe! Bẹ́ẹ̀, inú tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì, igi kédárì tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí ni.

Ìyókù ṣì wà. Ẹ lọ sí Cathedral Church of Christ ní Marina, tí Bagan Benjamin ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1946. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo òpó àti gíláàsì aláràbarà. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther sinmi sí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Kẹ́ ẹ tó wó ògiri bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ wọlé lọ wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní parun lórúkọ Jésù. Ẹ tẹ Àmín, kẹ́ ẹ sì sọ ilé àtijọ́ tó wà ládùúgbò yín fún wa.