Ṣeun Àdìgún àti Ọkọ̀ Onípákó Tó Gbé Nàìjíríà Dé Orí Yìnyín

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, òde ìnáwó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ yìnyín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á rà á ní búlọ́ọ̀kù, wọ́n á fi àpò wé e kó má baà tètè yọ́, wọ́n á wá fọ́ ọ sínú bàsíà ńlá tí wọ́n to bíà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí. Kí onílù tó dákẹ́, gbogbo rẹ̀ ti domi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àfi bí òjò bá da yìnyín sórí páànù, tí àwọn ọmọdé sá síta lọ ń ṣà á. Èyí tí ènìyàn lè dúró lé lórí, ká má tíì sọ pé kó sáré lórí rẹ̀, kò sí níbẹ̀, kò sì sí ní Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2018, ní PyeongChang ní Gúúsù Kòríà, obìnrin mẹ́rin wà lábẹ́ àsíá Nàìjíríà níbi Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn fún orílẹ̀-èdè wa. Méjì nínú wọn ń jẹ́ orúkọ Yorùbá: Ṣeun Àdìgún àti Sìnmídélé Adéagbo.

Chicago ni wọ́n bí Ṣeun sí ní ọdún 1987, agbègbè ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Àdìgún tó ń jẹ́, oríkì ọkùnrin ni, ẹgbẹ́ Àjàní àti Àkànní. Eré sísá ló kọ́kọ́ mọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fo igi kọjá fún 100 mítà. Ó sá a fún Yunifásítì Houston ní Texas, ó gba góòlù nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Nairobi ní 2010, ó sì ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì London ní 2012. Lẹ́yìn náà ló fi eré sísá sílẹ̀, tó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eegun ẹ̀yìn.

Ohun tó tún gbé e padà sórí pápá ni bobsled. Ọkọ̀ kékeré ni, ó rí ṣọnṣọ níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irin tó ń yọ̀ lórí yìnyín. Ní ti àwọn obìnrin ní 2018, ẹni méjì ló ń gùn ún. Wọ́n á jùmọ̀ tì í, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé e, wọ́n á sì fò wọnú rẹ̀ bó ti ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó wà níwájú á di okùn méjì mú, òun ló fi ń darí rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn á tẹrí ba wọ̀ọ̀. Bíréèkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fà á títí wọ́n á fi kọjá ìlà òpin. Ọ̀nà náà ń lọ́ bí ejò, ọkọ̀ sì ń sá ju 120 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń já lójú ìlà eré sísá ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ṣeun kọ́kọ́ bá ikọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìgbaradì, ẹni ẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣe. Ní 2016, ó pinnu pé Nàìjíríà ni òun máa ṣe é fún. Nàìjíríà kò ní ọkọ̀ bobsled, kò ní ẹgbẹ́, kò ní kọ́óṣì. Ó ra pákó, ó wọ inú gáréèjì ní Houston, ó kan ọkọ̀ kan fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Maeflower, ní ìrántí ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tó ti dolóògbé. Lẹ́yìn náà ló pe Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, sáré-sáré bíi tirẹ̀, láti wá bá a ti ọkọ̀ pákó náà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 75,000 dọ́là ni wọ́n ń wá. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá ọdún 2017, wọ́n ti gun ọkọ̀ gidi nínú ìdíje márùn-ún tí òfin béèrè, Calgary ní Kánádà ni wọ́n sì ti parí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan kò tíì gbé ikọ̀ bobsled lọ sí Òlíḿpíìkì ṣáájú wọn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe ijó orí yìnyín ni wọ́n lọ jó, èyí tó gbajúmọ̀ jù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ijó yẹn kì í gba àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún, ni wọ́n ti ń wọ bàtà abẹ fún, wọ́n á máa ṣubú, wọ́n á máa dìde, títí ara á fi mọ̀ ọ́n. Ó sì gba gbàgede tó gùn tó 60 mítà, tó fẹ̀ tó 30 mítà, tí wọ́n ri páìpù sábẹ́ rẹ̀, tí omi oníyọ̀ tó tutù ju yìnyín lọ ń gba inú rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ, gbàgede náà á di adágún omi. Ẹ̀yin tó mọ bí iná ṣe ń ṣe wa, ọ̀rọ̀ yìí yé yín.

Ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú nídìí ijó náà dùn mí, ó sì wú mi lórí. Mabel Fairbanks, tí wọ́n bí ní 1915, wọn kò jẹ́ kó wọ gbàgede yìnyín ní New York nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó kọ́ ọ bákan náà, ó di olùkọ́; ní 1997 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni ijó náà ní Amẹ́ríkà, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Debi Thomas gba ife àgbáyé ní 1986. Surya Bonaly, ọmọ Faransé, gba ti ilẹ̀ Yúróòpù ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, láti 1991 dé 1995, ṣùgbọ́n ní ti àgbáyé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ipò kejì léraléra. Ní Nagano ní 1998, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ta òkìtì ẹ̀yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n ti fi òfin de òkìtì náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe gé máàkì rẹ̀, ipò kẹwàá ló sì bọ́ sí. Ní 2024, àjọ tó ń darí ijó náà gbé òfin yẹn kúrò. Lójú tèmi, Bonaly ni wọ́n jẹ ní gbèsè.

Fairbanks, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tì mọ́ ọn. Ní ti Ṣeun, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ohun tí yóò gùn wọlé ni kò sí.

Sìnmídélé Adéagbo gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kan náà. Toronto ni wọ́n bí i sí, ó gbé Nàìjíríà nígbà èwe rẹ̀, ó sì fo ìfò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún Yunifásítì Kentucky. Ó ti fi eré sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní Johannesburg, nígbà tó gbọ́ nípa ikọ̀ Ṣeun. Ọdún 2017 gan-an ló kọ́kọ́ gun skeleton, pẹpẹ irin tí ènìyàn ń dojú bolẹ̀ lé lórí, tí orí ń ṣíwájú, tí àgbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan yìnyín. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti dé Òlíḿpíìkì, ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe é níbẹ̀.

Ní PyeongChang, Ngozi ló gbé àsíá wọlé. Sìnmídélé ṣe ipò ogún nínú ogún. Ọkọ̀ Ṣeun àti Akuoma náà ṣe ipò ogún nínú ogún. Èmi kò rí ìtìjú kankan níbẹ̀: àwọn tó ṣáájú wọn ti ń yọ̀ lórí yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikọ̀ tiwa kò sì tíì pé ọdún méjì. Ní Beijing ní 2022, Nàìjíríà tún padà, Samuel Ikpefan ló sì ṣojú wa nínú eré orí yìnyín onípákó gígùn.

Àwa ará Ọ̀yọ́ mọ ohun tí ohun èlò kékeré lè ṣe. Nílùú yìí ni wọ́n bí Aruna Quadri sí, tábìlì àti báàtì ló sì fi wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé ní 2022, kò sí ọmọ Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú tẹ́níìsì orí tábìlì. Ẹ̀yin kọ́óṣì tó ń kó àwọn ọmọ sáré ní pápá Durbar ní Ọ̀yọ́, àti ní pápá Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá rí ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tí èjìká rẹ̀ lágbára, ẹ sọ ìtàn ọkọ̀ onípákó yìí fún un.