Ìṣẹ́jú Márùn-ún Tó Di Wákàtí Kan: Ìtàn Yoga Ìsinmi

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí ìlú Bombay, ìlú tí wọ́n ń pè ní Mumbai lónìí. Ọdún 1952 ni. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káyé. Yehudi Menuhin ni wọ́n ń pè é, fayolíìnì ló sì ń ta. Àtikékeré ló ti ń ta á. Láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, láti orí ìtàgé kan bọ́ sí òmíràn, ọkùnrin náà ò sinmi. Nígbà tó fi máa dé Íńdíà, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Wọ́n mú olùkọ́ yoga kan wá bá a. Ẹni ọdún 33 ni, láti ìlú Pune ló ti wá, èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà náà. B.K.S. Iyengar lorúkọ rẹ̀. Menuhin sọ fún un pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré lòun ní.

Ká ní ẹlòmíì ni, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ì bá fi gbé ẹsẹ̀ kọ́rùn, tí ì bá fi orí dúró, kí òyìnbó lè pàtẹ́wọ́ fún un. Iyengar ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Menuhin dùbúlẹ̀, kó na ara sílẹ̀, kó jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, Menuhin ti sùn lọ. Ó tó wákàtí kan kó tó jí. Nígbà tó jí, ara rẹ̀ ti fúyẹ́, ló bá tún fi wákàtí méjì sí i jókòó ti olùkọ́ yìí.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ètò wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lórí fóònù, ẹ káàbọ̀. Oorun wákàtí kan yẹn la fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí: ibi tó ti ṣẹ̀ wá, àti bó ṣe di ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ní kíláàsì káàkiri ayé, tí wọ́n ń pè ní yoga ìsinmi.

Tí ẹ bá gbọ́ yoga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tó ń ká ara bí ejò lórí Instagram lẹ máa rántí. Èyí yàtọ̀. Nínú yoga ìsinmi, èèyàn á dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù àti kúbùsù, á gbé ẹsẹ̀ lé àga tàbí kó nà án sókè sára ògiri, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà mìíràn ogún. Kò ní fipá na ara rárá. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń polówó rẹ̀ máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Irọ́ ni. Apá kan nínú rẹ̀ gbó lóòótọ́, àmọ́ apá kejì ò ju ìgbà ayé àwọn bàbá àgbà wa lọ. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Dídùbúlẹ̀ bí òkú

Èyí tó gbó níbẹ̀ ni dídùbúlẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Shavasana ni wọ́n ń pè é ní èdè Sanskrit. Òkú ni wọ́n ń pè ní shava, asana sì ni ọ̀nà téèyàn gbà to ara rẹ̀. Ìwé kan wà tó ń jẹ́ Hatha Yoga Pradipika, tí Svatmarama kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 15. Ó mẹ́nu ba dídùbúlẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì gùn: kéèyàn na gbalaja sílẹ̀ bí òkú, ó máa ń lé àárẹ̀ lọ, ó sì máa ń fi ọkàn balẹ̀. Ó parí. Kò sí tìmùtìmù níbẹ̀, kò sí àga.

Ẹ fi sọ́kàn pé àárín ẹ̀sìn Híńdù ni ìwé náà ti jáde, àwọn tó fi ayé sílẹ̀ láti wá Ọlọ́run lọ́nà tiwọn ló sì wà fún. Kò yẹ ká fi ìyẹn pa mọ́. Ẹni tó bá bi yín bóyá ẹ̀sìn lọ́wọ́ nínú yoga, ìbéèrè tó tọ́ ló béèrè, kí kálukú sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ìgbàgbọ́ tirẹ̀ bá ṣe rí. Ohun tí ìtàn lè sọ fún wa ni pé láti orí ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn wọ̀nyẹn dé orí tìmùtìmù òní, ọ̀nà jìn, aláìsàn kan ló sì la èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọ olókùnrùn

Ọjọ́ 14 oṣù December ọdún 1918 ni wọ́n bí Iyengar, ní abúlé Bellur ní gúúsù Íńdíà. Ọdún yẹn ni àrùn gágá, irú ọ̀fìnkìn burúkú kan, ń pa èèyàn káàkiri ayé. Àrùn yẹn kan náà ló gba orí omi wọ Èkó ní oṣù September ọdún yẹn. Ó mú ìyá Iyengar nígbà tó wà nínú oyún rẹ̀. Ìyá yè, ọmọ náà yè, àmọ́ ọmọ ò gbádùn. Apá rẹ̀ tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, bí ibà ṣe ń lọ ni táífọ́ọ̀dù ń dé, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ò sì gbẹ́yìn. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Ní 1934, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kó máa bọ̀ ní Mysore. T. Krishnamacharya ni ọkùnrin yìí, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní yoga láàfin ọba ìlú náà. Ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ le. Nígbà tó rí bí ara ọmọ náà ṣe gan, kò kọ́kọ́ ka á sí rárá. Àfìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ràn jù sá kúrò nílé, tí àfihàn ńlá sì ti sún mọ́lé, ló tó yíjú sí Iyengar. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ní kó ṣe ohun tí ẹlòmíì fi ọdún kọ́. Ọmọ náà ṣe é. Ó sì fara pa.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ọmọkùnrin yìí fojú ara rẹ̀ rí i pé a lè fipá mú ara, pé ara lè gbọ́, pé ó sì lè gbẹ̀san. Ẹ̀kọ́ yẹn ò kúrò lára rẹ̀ títí ayé.

Ní 1937, wọ́n rán an lọ sí Pune kó lọ máa kọ́ni, torí pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé àwọn ọjọ́ kan wà tí kò róúnjẹ jẹ, tó jẹ́ pé omi ẹ̀rọ ló fi ń tan ikùn. Ó sì ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ gbìyànjú láti mọ ohun tí wọn ò jókòó kọ́ ọ dáadáa.

Àga, okùn àti kúbùsù

Àwọn tó ń wá bá a ní Pune kì í ṣe eléré ìdárayá. Ẹ̀yìn ń dun ẹnì kan, mímí ò rọ ẹnì kejì lọ́rùn, àgbà ni ẹnì kẹta, orúnkún rẹ̀ ò ká mọ́. Bó bá ní kí wọ́n tẹ̀, wọn ò lè tẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní Mysore ì bá ti jágbe mọ́ wọn. Iyengar náà lè jágbe o, gbogbo ẹni tó kọ́ ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe nǹkan mìíràn: ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè gbé ara dúró.

Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ohun tí Iyengar ṣe ò ju pé ó gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé. Tí ọwọ́ ẹ ò bá kan ilẹ̀, gbé e lé igi tí wọ́n gé bíi bíríkì. Tí àyà ẹ ò bá ṣí, tẹ́ kúbùsù tí wọ́n ká sábẹ́ ẹ̀yìn ẹ. Àga onírin tó ṣeé ká, wọ́n yọ ibi ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kí ara lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Bẹ́líìtì di ẹsẹ̀ mú kí iṣan itan má bàa ṣe làálàá. Okùn so mọ́ ògiri.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà fún ìsinmi. Púpọ̀ nínú wọn ló wà kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ohun tó le láìṣì í ṣe. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni nǹkan tuntun ti jáde: nígbà tí ohun kan bá gbé ara, ara ò ní máa bá ara rẹ̀ jà mọ́. Aláìsàn tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti orí ìdùbúlẹ̀ rí ohun tí alágbára ń rí lórí ìdúró.

Ọ̀rẹ́ tó bá Iyengar ní Bombay ló wá ṣílẹ̀kùn ayé fún un. Menuhin pè é lọ sí Switzerland ní 1954, ó sì fún un ní aago ọwọ́ kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀ tó dára jù. Nígbà tí ìwé Iyengar, Light on Yoga, jáde ní 1966, Menuhin ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ní 1973, Ramamani, ìyàwó Iyengar, kú. Ní 1975 ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ṣí ní Pune, ibẹ̀ sì ni àwọn aláìsàn ti ń tò láti wá dùbúlẹ̀ sórí àga àti tìmùtìmù. Geeta, ọmọ wọn obìnrin, tún ronú jinlẹ̀ lórí ara obìnrin: kí ló yẹ kó ṣe nígbà nǹkan oṣù, nígbà oyún, kí ló sì yẹ kó fi sílẹ̀.

Àwọn tó ti ń wá ìsinmi ní Amẹ́ríkà

Kò ní jẹ́ òótọ́ tí mo bá sọ pé Íńdíà nìkan ni ìtàn yìí ti wá. Kí Iyengar tó dáyé ni másùnmáwo ti ń da àwọn ará Amẹ́ríkà láàmú. Ní 1891, Annie Payson Call kọ ìwé kan lórí bí ìsinmi ṣe ń fúnni lágbára. Ní 1929, dókítà kan tó ń jẹ́ Edmund Jacobson kọ tirẹ̀: ó ń kọ́ àwọn èèyàn láti fún iṣan kan pọ̀, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé èjìká sókè látàárọ̀ láìmọ̀. Ohun tí Jacobson ń sọ nìyẹn.

Odò méjì yìí pàdé lọ́dọ̀ obìnrin kan, Judith Hanson Lasater. Iṣẹ́ títọ́jú iṣan àti oríkèé ara ló kọ́, ó tún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Iyengar, ó sì wà lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn Yoga Journal sílẹ̀ ní 1975. Ní 1995, ó kọ ìwé Relax and Renew, tó dá lórí ìsinmi látòkè délẹ̀. Ohun tó jẹ́ àtúnṣe fún aláìsàn ní Pune wá di kíláàsì fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, àmọ́ tí ayé ti lò gbẹ.

Ẹ wò ó, nǹkan kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí. Iyengar tó fi oorun gba ọkàn Menuhin, òun fúnra rẹ̀ kì í jókòó kalẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ara rẹ̀ títí ó fi darúgbó, ẹni ọdún 95 ni nígbà tó kú ní 2014. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló dá ìsinmi sílẹ̀. Ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ bí ẹrú ló rí i pé ara tí kò bá mọ bó ṣe ń tú sílẹ̀, iṣẹ́ náà á sú u níjọ́ kan.

Yoga ìsinmi kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì lè dín owó ilé kù. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn, kó lọ rí dókítà. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti ga, kó má sùn fẹ̀yìn lélẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní àga kan àti ìrọ̀rí kan, ẹ ti ní ohun tẹ́ ẹ nílò. Ẹ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì láti orúnkún lé orí àga náà, ẹ ká ìrọ̀rí sábẹ́ orí, ẹ fi aṣọ bo ojú. Ẹ gbé fóònù jìnnà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni Menuhin ní òun ní. Ẹ̀yin náà ẹ fún ara yín ní márùn-ún, ká wo ohun tó máa dà. Ó dìgbà kan ná o.